Yàrá Iwájú Tí Wọ́n Ti Ń Wo Bọ́ọ̀lù

Nígbà tí bàbá wọn wà lórí àìsàn ìkẹyìn, Àjàgbé ni ó rán níṣẹ́. Ó ní kó lọ sí ìlú etí òkun, kó lọ mú Àdíját àbúrò rẹ̀ wá, òun fẹ́ fojú kàn án kí òun tó kú. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọwọ́ irú wọn nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, àfi kó wọkọ̀. Àjàgbé wọkọ̀ lóòótọ́. Nígbà tó dé Ìbàdàn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ, ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ó sùn níbẹ̀, ó jẹun níbẹ̀, ó tún bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rán aṣọ tó wà nílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó wọkọ̀ padà sí Òṣogbo, ó wọlé tọ bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "Mo rí i. Ó ní òun ò wá. Ó ní òun ò mọ bàbá kankan ní Òṣogbo."

Ìgbájú kan ló fà á. Lọ́jọ́ tí Àdíját bá ọmọ Ìlàjẹ tó ń kó ẹja gbígbẹ wá sí Òṣogbo sá lọ, Àjàgbé ni bàbá dá lẹ́bi pé kò ṣọ́ àbúrò rẹ̀. Ó gbá a létí níwájú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ sì rẹ́rìn-ín. Àjàgbé kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Kì í ṣe ẹni tó ń gbàgbé nǹkan.

Nígbà tí bàbá gbọ́ èsì iṣẹ́ tó rán, ó yíjú sí ògiri. Kò dárúkọ Àdíját mọ́ títí tó fi kú. Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àwọn àgbà ẹbí jókòó láti pín yàrá. Yàrá iwájú wà níbẹ̀, èyí tí bàbá ti ń sọ tipẹ́ pé ti Àdíját ni, kí ọmọ òun obìnrin lè níbi tó máa padà sí bí ilé ọkọ ò bá gbà á mọ́. Àwọn àgbà ní kí ni ẹni tó sọ pé òun ò mọ bàbá tún fẹ́ fi yàrá bàbá ṣe. Wọ́n fi lé Àjàgbé lọ́wọ́.

Mikail, àkọ́bí Àjàgbé, ṣì ń rá kòrò nígbà náà. Lónìí ó ti kàwé jáde ní Ẹ̀sà-Òkè, ó ti wáṣẹ́ títí ó ti sú u, ó sì ti sọ yàrá iwájú di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ọ̀rọ̀ náà tún jí, àtàárọ̀ ni Mikail ti ń to bẹ́ǹṣì. Wọ́n fẹ́ ṣí pápá bọ́ọ̀lù tuntun kan ní ìlú etí òkun, gbogbo rédíò ló sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní òkè òkun ni wọ́n ti ra koríko rẹ̀ wá. Wọ́n ní bí òjò bá ń rọ̀, òrùlé rẹ̀ a máa fúnra rẹ̀ pa dé. Mikail ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó níta pé aago mẹ́rin ni, kí oníkálùkù tètè wá gbàyè. Àjàgbé wà nídìí máṣíìnì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé. Rùkáyà ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ n tètè lọ ra epo jẹnẹrétọ̀," ni Mikail wí. "Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ yìí á wó ilé lé mi lórí."

"Ilé ta ni wọ́n máa wó?" Àjàgbé dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Kí wọ́n dán an wò."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ẹ̀yìn wọ ojúde ilé. Ẹrù kún un dẹ́nu: fóòmù tí wọ́n ká tí wọ́n fi okùn àwọ̀n dè, ìkòkò dúdú, fáànù tí kò ní ìbòrí mọ́, apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ, àti ìlẹ̀kùn kan. Ìlẹ̀kùn náà ni gbogbo ojú lọ bá. Pákó ni, wọ́n kùn ún ní búlúù, ẹnì kan sì ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà ńlá méjì tó gba ara wọn kọjá lé e lórí, bí tíṣà ṣe máa ń fa ìlà sórí iṣẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé ò gbà.

Ìyá Munawwarah tó ń ta ẹ̀kọ lódìkejì ọ̀nà ti dìde dúró. "Ẹ kú ewu o! Àwọn wo ló gbé ìlẹ̀kùn wá kí wọ́n tó gbé ilé dé yìí?"

Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú ọkọ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, irun rẹ̀ ti funfun létí gèlè. Ó na ọwọ́ sí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. Oyún inú ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti wọ oṣù rẹ̀. Bó ṣe ń rìn, ó fọwọ́ ti ìdí lẹ́yìn.

Rùkáyà ló kọ́kọ́ dá obìnrin náà mọ̀. Atẹ ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Òpéléńgẹ́!"

Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ Àdíját nìyẹn nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun nínú ilé yìí, nítorí ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó tún fi pe ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà.

"Ìyàwó wa," Àdíját wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú máṣíìnì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá mi. Ìdùnnú, kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi."

Òwú ti já nínú abẹ́rẹ́, Àjàgbé ṣì ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì lọ.

"Kí lo wá ṣe?"

"Ilé ni mo wá."

"Ilé wo?"

"Ilé bàbá wa."

"Lónìí lo wá mọ̀ pé o ní bàbá?"

Àdíját wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ìdùnnú ò tíì kúnlẹ̀ tán, ó tún nàró. "Màámi, ṣé ẹni tẹ́ ẹ ní inú ẹ̀ máa dùn tó bá rí wa nìyí?"

"Pa ẹnu dé."

Awakọ̀ ti ń tú okùn. "Ìyá, ibo ni kí n sọ ẹrù sí? Àwọn kan ń retí mi ní Ìdó-Ọ̀ṣun."

"Inú ọkọ̀ ni kó wà," ni Àjàgbé wí.

"Bàbá, àlọ nìkan ni wọ́n san." Awakọ̀ gbé ìlẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, ó fi ti ògiri, ó wá ń ju ìyókù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí Àdíját kúnlẹ̀ sí náà ló ti sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Wọ́n ti wó Òkè-Yanrìn, àdúgbò tí à ń gbé, Bọ̀ọ̀dá. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ pápá bọ́ọ̀lù yẹn, wọ́n ní kò kàn wá. Àwa la tilẹ̀ ń dáná fún àwọn tó ń pò kọnkéré. Ìgbà tó wá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n ní iwájú ilé wa ni ọkọ̀ àwọn àlejò pàtàkì máa gbà, wọ́n ní ojú wọn ò gbọdọ̀ rí páànù wa. Wọ́n wá fi ọ̀dà sáàmì sára ìlẹ̀kùn. Katapílà dé kí ọ̀dà tó gbẹ. Ìlẹ̀kùn tí ẹ ń wò yìí, mo fà á yọ lójú wọn ni. Bàbá Ìdùnnú ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án kó tó kú."

"Ọkọ ọmọ yìí dà?" Rùkáyà béèrè.

"Inú ọkọ̀ ojú omi ló ń sùn. Mi ò lè ní kó máa gbé aboyún sùn sínú ọkọ̀ ojú omi."

Ìyá Munawwarah ti rékọjá sí ọ̀dọ̀ wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó wo pátákó Mikail, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè, ó wá ní, "Ṣé pápá yìí kan náà kọ́ lẹ ní ká wá sanwó wò ní aago mẹ́rin?"

Mikail gbé pátákó náà, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri.

"Kò sí àyè nínú ilé yìí," Àjàgbé wí.

"Yàrá iwájú ńkọ́?" ni Àdíját béèrè.

Mikail wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. "Yàrá iwájú báwo? Àǹtí, ẹ má bínú o, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun."

"Àwa náà níbi tí a ti ń jẹun tẹ́lẹ̀," ni Ìdùnnú dá a lóhùn. "Wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀."

Àjàgbé dìde. Ó ní kí Mikail lọ bá òun pe Bàbá Jibril, àbúrò bàbá wọn tó kù láyé, kó wá sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ìyẹn. Bàbá Jibril wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun jíṣẹ́. Kò sí ọdún tí kì í sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé pé ọmọ kan wà tó ní òun ò mọ bàbá kankan ní Òṣogbo, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n bí irú rẹ̀ mọ́. Bí Àjàgbé bá ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ìgbà mìíràn a máa ṣe é bíi pé Àdíját sọ ọ́ lóòótọ́.

Mikail dé pẹ̀lú èsì pé Bàbá Jibril ní òun máa kírun Àílà kí òun tó máa bọ̀. Ẹrù wà níta. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó.

"Bí wọn ò bá gbà wọ́n síbí, kí wọ́n lọ gba yàrá ní Dàda Estate," ni ẹnì kan wí níbi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀kọ.

"Dàda Estate!" Ìyá Munawwarah fèsì. "Ṣé ẹ̀kọ ni wọ́n ń gbà lówó ilé níbẹ̀? Gba tìrẹ kó o máa lọ jàre." Ó sì fa tapólì orí ìsọ̀ rẹ̀ yọ, ó lọ fi bo ẹrù náà, nítorí ojú ọ̀run ti ń ṣú.

Rùkáyà ti gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tó na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ ẹja, Àjàgbé ké mọ́ ọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Má fi ẹja yẹn se oúnjẹ mi!"

"Ó ti wọnú ìkòkò," ni Rùkáyà wí, ó wá ń run ún sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ilé ìdáná kò jìnnà sí ìdí máṣíìnì. Bí Àjàgbé bá dẹ́kun ẹsẹ̀ wíwà, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ó dẹ́kun.

"Ẹ ò wálé rárá, Òpéléńgẹ́. Ẹ ò tilẹ̀ wá fojú kan ibi tí wọ́n sin Bàbá sí."

"Ìgbà tí ẹlẹ́ja kan tó ná ọjà Òṣogbo sọ fún mi pé Bàbá ti kú, wọ́n ti ṣàdúrà ogójì ọjọ́ tán. Mo sunkún títí. Mo wá ní bí wọn ò bá kà mí sí ọmọ tí wọ́n máa pè síbi òkú bàbá rẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ lọ wá lọ́dọ̀ wọn? Orí kunkun la bí mọ́ gbogbo wa, ẹ̀yin náà mọ̀."

Rùkáyà rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Òkun yẹn, ṣé ó ń hó bí wọ́n ṣe ń sọ?"

"Tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ kì í lè sùn. Mi ò rẹ́ni tó ti ilé wá yẹ̀ mí wò, ìyàwó wa. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò débẹ̀ rí. Tí n bá rí ọkọ̀ tó ti Òṣogbo wá, mo máa ń wo ojú àwọn tó wà nínú ẹ̀."

Ìgbáko dúró nínú ìkòkò. Àjàgbé gbọ́ bó ṣe dúró. Ó retí kí ìyàwó rẹ̀ sọ pé Bọ̀ọ̀dá yín débẹ̀, wọ́n wá pè yín. Rùkáyà ò sọ ọ́. Nígbà tó ṣe, ìgbáko tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yípo.

Ó gbé ẹ̀wà wá fún un, ó gbé e sórí àpótí, ṣùgbọ́n kò padà. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀. Iléṣà ni wọ́n ti fẹ́ Rùkáyà wá, àwọn obìnrin àdúgbò a sì máa pè é ní ọmọ òṣómàáló nítorí pé bó bá ti lóṣòó báyìí, kì í dìde láìgba ohun tó wá gbà.

"Òkun," ó wí, "báwo ló ṣe rí?"

"Òkun wo?"

"Èyí tí ẹ rí lọ́jọ́ tí Bàbá rán yín."

"Omi ni."

"Omi báwo?"

"Omi púpọ̀. Ṣé wọ́n ń júwe omi ni?"

"Ẹ sun oorun níbẹ̀ dáadáa?"

"Mo sùn."

Rùkáyà wò ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó dìde. "Ẹ jẹun," ó wí. Àjàgbé fi ṣíbí ti ẹja sápá kan, ó tún ti ẹ̀wà sápá kejì. Kò jẹ èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Bàbá Jibril dé, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga òun lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe orí sàréè náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Rùkáyà a máa sá èlùbọ́ lé e lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá Jibril wo Àdíját láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ìwọ nìyí? O ti darúgbó."

"Bàbá, ẹ̀yin náà kì í ṣọmọdé mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rántí pé òun ò wá rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó lè ní o kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ lórí ibùsùn ikú, ó ṣì wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kó o kúrò."

"Kí ni mo fi ránṣẹ́?"

"Àdíját, má sọ mí dọmọdé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ wá pè ọ́, ṣé o ò ní o ò mọ bàbá kankan ní Òṣogbo?"

Àdíját yíjú díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí Àjàgbé dúró sí. Àjàgbé ń wo orí sàréè, níbi tí ìyẹ̀fun èlùbọ́ díẹ̀ ti há sínú ojú sìmẹ́ńtì tó là.

"Ta ló wá pè mí?" ni Àdíját béèrè.

"Irọ́ ni!" Ìdùnnú ké. "Kò sẹ́ni tó wá! Àárọ̀ àti alẹ́ ni màámi ń sọ ọ́ pé wọn ò pe àwọn!"

"Ọmọ ta ni èyí? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ létí omi?" Bàbá Jibril gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Àdíját, gbọ́. Mi ò wá lé ọ. Bí o bá kúnlẹ̀ síbí tí ó sùn sí, tí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́ pé ó ránṣẹ́ sí ọ, pé o ò wá, pé báyìí báyìí lo wí, tí o sì tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ ti tán. Mikail máa kó bẹ́ǹṣì rẹ̀ jáde lónìí, o sì máa wọ yàrá rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí o ń sọ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ parọ́ fún ẹni tó ń kú lọ. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ò ní wọ ilé yìí lójú mi. Wàá kó ẹrù rẹ, wàá gba ibi tí o gbà wá padà. Mo fún ọ di Aláásárì kí o fi rò ó."

Àjàgbé yẹ kó láyọ̀. Ó mọ àbúrò rẹ̀. Kò ní gbà. Kò gba ohun tí kò ṣe rí láti kékeré, wọn ì báà nà án. Yóò jà, wọn yóò lé e, ilé yóò sì tún rọrùn bó ṣe wà. Ó padà sídìí máṣíìnì, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́, kò rí i.

Àwọn ọ̀dọ́ ti kún yàrá iwájú, ìyókù sì ń fún ara wọn lẹ́nu fèrèsé. Nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fi pápá náà hàn láti òkè. Ó funfun, ó ń dán, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ìdùnnú wọlé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó ń wò ó. Kámẹ́rà yí lọ síbi tí wọ́n gbé àwọn mọ́tò ńláńlá sí.

"Ẹ wo ibi jíìpù dúdú yẹn," ó wí. "Ibẹ̀ ni ilé ìdáná wa."

Àwọn kan yí padà. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ ni stédíọ̀mù ni? Ẹ bá wa gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ o!"

"Ẹni tó ni jíìpù yẹn ni kó o lọ bẹ̀," Ìdùnnú dá a lóhùn. "Orí àdògán wa ló gbé e lé."

Inú Ìdùnnú sún kì lójijì. Ó di òpó ilẹ̀kùn mú, ó ń mí tìrora, ó tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Mikail dìde lórí àga rẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ Ìdùnnú. "Ẹ jókòó," ó wí. Àdíját tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí gbogbo rẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí tapólì níta. Ó wo ẹrù náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Bàbá Jibril ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán, omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Rùkáyà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Àjàgbé tẹ̀ lé e, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n máa fojú wá òun.

"Mo ti rò ó," Àdíját wí. "Màá sọ ọ́."

Ìdùnnú ti tún dé, ó ń fọwọ́ ti ògiri. "Màámi, ẹ má sọ ọ́! Ohun tẹ́ ẹ ò ṣe!"

"Dákẹ́. Ṣé ojú títì lo fẹ́ bímọ sí?"

Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí sìmẹ́ńtì. "Bàbá, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò wá. Ẹ dárí jì mí. Mo ní... mo ní..."

Ó dúró. Bàbá Jibril ń retí. Àdíját yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi í ṣẹ̀sín. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ní mo ṣe sọ ọ́? Ẹ bá mi rán an létí, kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ."

Àjàgbé mọ̀ ọ́n. Ìlú Gbọ̀ngán, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo, ló ti hun ọ̀rọ̀ náà, níbi tí ọkọ̀ ti dúró kí àwọn èrò ra ọsàn. Ó ti kọ́kọ́ fẹ́ kó jẹ́ "bàbá yín," ó wá rí i pé "bàbá kankan" máa dun Bàbá jù. Gbólóhùn kan péré ni. Bí òun bá sọ ọ́, tí Àdíját sọ ọ́ tẹ̀ lé e, ó ti di ti Àdíját nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún lè bi òun léèrè nípa òkun mọ́ títí òun máa fi kú.

"Kì í ṣe ìwọ lo sọ ọ́," ó wí.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ariwo bẹ́ sílẹ̀ láti yàrá iwájú, wọ́n ń fo lórí bẹ́ǹṣì, ògiri ń mì, ẹnì kan ń lu fèrèsé onípáànù gbàgbàgbà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí Àjàgbé wí.

"Kí lo sọ?" Bàbá Jibril na ọrùn sí i. "Sọ ọ́ fún un kó sọ ọ́ jàre, ká lè kírun."

Àdíját ṣì ń wò ó láti ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti là díẹ̀, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tó máa gbà sọ. Ariwo náà ò rọlẹ̀. Àjàgbé sì ké, débi pé Ìyá Munawwarah gbọ́ ọ níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ rẹ̀:

"Mo ní òun kọ́ ló sọ ọ́! Èmi ni! Mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Ìbàdàn ni mo lọ sùn sí. Bàbá ní kí n lọ pè é, mi ò sì pè é!"